Kọ̀ǹpútà Bàbá l'Óǹdó

Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́.

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́.

Mo ti dé Oǹdó, mo sì ti rí kọ̀ǹpútà Bàbá yín. O ní kí n ṣáà bá wọn pa àyẹ̀wò dísíìkì tó ń yọjú láràárọ̀ yẹn. Mi ò pa á, Dàpọ̀, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Mo jókòó ti Bàbá nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Windows 7 ni wọ́n ṣì ń lò. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, lẹ́tà funfun jáde pé òun fẹ́ yẹ D: wò, ìyẹn dísíìkì tí ìwé wọn wà, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó tẹ kíì kan kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé. Kò tíì ka méjì tí Bàbá fi na ìka sí spacebar. "Mi ò ráyè tìẹ," ni wọ́n wí fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ohun tó sì fà á tí kò fi dẹ́kun nìyẹn.

Àmì kan wà tí Windows máa ń fi sára dísíìkì. Tí iná bá lọ lójijì nígbà tí Bàbá ń kọ ìtàn ìdílé yín lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ kú láìtíì to ohun tó ń kọ sílẹ̀ tán, àmì yẹn ò ní kúrò. Àyẹ̀wò tó bá parí ló ń pa á rẹ́. Èyí tí wọ́n bá fò, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, lọ́la yóò tún béèrè. Mo tẹ àṣẹ fsutil dirty query D: láti fojú ara mi rí i, ó sì fèsì pé Dirty ni, ìyẹn ni pé àmì náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ da gbogbo ìwé Bàbá sórí flash. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àyẹ̀wò dísíìkì tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sí níbòmíràn, nítorí dísíìkì tó ti rẹ̀ lè kú sẹ́nu kíkà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún ẹ̀rọ tàn, mo bẹ Bàbá kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Màmá gbé iyán wá, a jẹ ẹ́ tán, a fọwọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tó parí, mo tún béèrè: NOT Dirty, àmì ti kúrò. Bàbá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé tààrà ló wọlé.

Àṣẹ tí ò ń wá, èyí tó ń ní kí Windows má yẹ D: wò nígbà tó bá ń tàn, ni chkntfs /x D:. Tó bá jẹ́ dísíìkì tó ń kú lọ ni, tí a kò tíì kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, èmi náà á lò ó, kí àyẹ̀wò má baà pa á kó tó tó àkókò. Ṣùgbọ́n kì í wo nǹkan kan sàn. Kì í sì í ro pọ̀: tí o bá tẹ ti dísíìkì mìíràn, bíi E:, lọ́tọ̀ lẹ́yìn ti D:, àyẹ̀wò D: ti padà nìyẹn. Ìlà kan náà ni kí o kọ méjèèjì sí. Chkntfs /d ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Ohun tó ká mi lára jù ni UPS, àpótí oníbátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ. Mo tú u, bátìrì inú rẹ̀ ti wú. Iná á lọ, ẹ̀rọ á kú fin kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí jẹnẹrétọ̀, àmì yóò sì tún padà. Bátìrì 12V 7Ah ló ń gbà, mo lè rà á níbí ní Àkúrẹ́ kí n sì lọ fi í sí i fúnra mi. Bàbá ní kí n má dà ọ́ láàmú, nítorí náà fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi, má fi sí àkáǹtì wọn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, jọ̀wọ́. Orí tó kan bàbá yín àgbà ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ báyìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kọ́lá