Lábẹ́ Igi Juniperi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ará wa kan tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́rú mọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19. Elijah ni, ẹni tó gbàdúrà ní Karmeli tí iná bọ́ láti ọ̀run, tó sáré ṣíwájú Ahabu ọba dé Jesreeli. Jesebeli, aya ọba, ránṣẹ́ ikú sí i, ó sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi juniperi, ó ní, "Ó tó; nísisìyí, Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò." Wòlíì ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Kì í ṣe aláìnígbàgbọ́, kì í ṣe ẹni tí kì í gbààwẹ̀.

Ẹsẹ kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn. Elijah fi ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Beerṣeba kó tó dá wọ aginjù. Kí ló dé tó fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a rìn sílẹ̀? Bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò ní gbé fóònù. Á ní "kò sí nǹkan kan". Á sì tún wá kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Kí wá ni Ọlọ́run ṣe? Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dìde, jẹun." Àkàrà gbígbóná àti omi. Elijah jẹun, ó tún sùn. Áńgẹ́lì kò bínú. Ó jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun. Kò sí ìwàásù, kò sí ìbéèrè. Ó di Horebu, lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kí Olúwa tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Kí oúnjẹ tó dé ilé ará wa yìí, ìbéèrè ti dé. "Kí ló fà á?" "Ẹ̀mí burúkú ni." Àwọn kan fi àwòrán ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin. Àwòrán! Ti ẹni tí ẹ jọ ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ó dáa, ta ló ń fi ọmọnìkejì ṣe ẹ̀sín nínú ìjọ yìí? Ẹ gbọ́ mi: ikú lẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ pa àwòrán náà rẹ́ lónìí, àbí kí ẹ má wọ aṣọ akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi.

Másùnmáwo wà nílé gbogbo wa: owó ilé, owó iléèwé, owó tí a yá lórí fóònù tí èlé ń gun èlé. Ẹlòmíì kì í sunkún rárá. Á ní orí òun ń ta bí ata, nǹkan ń rìn òun lórí. Á lo oògùn ibà, á lo ti taifọ́ọ̀dù, kò ní lọ. Bí oorun, oúnjẹ àti inú dídùn bá ti sá fún ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa fi í sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ní Abẹ́òkúta yìí náà, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú wa, bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn ará abúlé fi gba aláìsàn sílé: ìtọ́jú lọ́sàn-án, oorun láàrin ènìyàn lálẹ́. Ará abúlé ṣílẹ̀kùn. Ìjọ ń ya fọ́tò.

Ìwọ tí ọkàn rẹ wúwo bí o ti ń ka èyí, a ò bínú sí ọ. Má wá ṣàlàyé. Wá sílé mi nígbàkigbà, ìyàwó mi á bu oúnjẹ, mi ò sì ní bi ọ́ ní nǹkan kan.

Ìkéde: Ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ní kí akápò yọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó ìkórè kúrò lára pátákó. Kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ sí ilé tí ẹ mọ̀ yẹn, kó kọ́kọ́ rí Ìyá Ìjọ, kí gbogbo wa má bàa gbé ìrẹsì lọ lọ́jọ́ kan náà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀ ṣì sọnù.

Olùṣọ́-àgùntàn yín