Ìkéde: Bí A Ó Ṣe Wo Kinds of Kindness

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́,

Fíìmù Kinds of Kindness tí Yorgos Lanthimos darí, tó jáde ní 2024, ló kàn. Ẹ tètè dé o: ìṣẹ́jú 164 ni, ìtàn mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. A ó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ìtàn kìíní àti ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ jáde.

Ohun tó ń da òǹwòran rú ni pé àwọn òṣèré kan náà, Emma Stone, Jesse Plemons àti Willem Dafoe, ló ń padà wá, ṣùgbọ́n ẹni ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wulẹ̀ wá bí àwọn ìtàn náà ṣe bára wọn tan. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní R.M.F. nìkan ló gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, òun náà kì í sì í rojọ́.

Ìtàn kìíní ni kí ẹ fojú sí jù. Ọ̀gá kan ń pàṣẹ ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ, ìwé tí yóò kà, àti ìgbà tí yóò bá ìyàwó rẹ̀ sùn. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ̀ ni òmìnira di ìyà fún un, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan nǹkan fúnra ẹni. Nínú ìkejì, ọlọ́pàá kan gbà pé obìnrin tó padà dé kì í ṣe ìyàwó òun gan-an; ìkẹta dá lórí ẹgbẹ́ awo kan. Ìyẹn ló gùn lójú tiwa.

Ẹ má mú ọmọdé wá: ẹ̀jẹ̀, gígé ẹ̀yà ara àti ìfipábánilòpọ̀ wà níbẹ̀.

Bí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìparí, ẹ má tíì dìde; ìran kékeré kan ṣì ń bọ̀.