Àlejò tó ní kí n so ajá mọ́lẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ ni mo ń ṣe jẹun, mo sì ti lo crack rí, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń ṣí ètò olówó láìsanwó. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ni mí. Ẹ jẹ́ kí ará ẹ̀yìn kọ́gbọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ọ̀fẹ́ ètò tí mo fi ń kọ kóòdù pé, mo rí fáìlì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní yóò ṣí i títí láé. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n ní kí n fi ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú -javaagent kún ètò ọ̀hún, kí n sì darí orúkọ sáfà àwọn tó ṣe é sí 127.0.0.1, ìyẹn kọ̀ǹpútà èmi fúnra mi, nínú fáìlì hosts, kó má baà rí ilé pè mọ́. Àlejò ní kí n so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, èmi náà sì sáré wá okùn!

Ìlà kan péré yẹn ló gbé kóòdù ẹni tí n kò mọ̀ rí sínú ètò náà. Ohun tí ètò náà bá lè kà, òun náà lè kà á: iṣẹ́ oníbàárà, páswọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ SSH tí mo fi ń wọ sáfà wọn. Mo tún dá àtúnṣe ààbò dúró, torí ó máa ń ba crack jẹ́.

Ìròyìn ló là mí lójú. Ní 2021, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ESET tú àṣírí ẹ̀dà ayédèrú kan ti IDA Pro, ètò tí wọ́n fi ń tú inú ètò mìíràn wò, tí Lazarus, ikọ̀ àwọn afọ́kọ̀ǹpútà kan, ti fi májèlé sí. Àwọn tó ń ṣèwádìí ààbò gan-an ni wọ́n dẹ ẹ́ fún. Ní 2015 ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni Xcode, ètò Apple tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone, síbẹ̀ àwọn kan ní Ṣáínà lọ gbà á níbòmíràn torí ti Apple ń falẹ̀. Kóòdù búburú tí wọ́n ń pè ní XcodeGhost wà nínú rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé inú fóònù àwọn ẹlòmíràn, títí kan áàpù ìfiránṣẹ́ WeChat.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé owó ni kò sí. Ghidra, tó ń ṣe irú iṣẹ́ IDA Pro, ti di ọ̀fẹ́ láti 2019.

N kò mọ ohun tí àlejò tèmi kó lọ, bó bá kó nǹkan rárá. Mo nu kọ̀ǹpútà mi pátápátá, mo pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́, mo wá ń pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan bi mí pé, "Láti ìgbà wo?" Mo ní oṣù méje. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè ti já.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan