Ọpẹ́ Wa sí Gbogbo Ẹ̀yin Tí Ẹ Bá Wa Sin Màmá ní Ìjọ Oko

Ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wa, ní orúkọ gbogbo ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àwọn ìyàwó ilé tí Màmá wa fi sílẹ̀, a kí yín, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọjà àti iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ gba ọ̀nà Àkànrán, ẹ tún yà sí ọ̀nà oko tí ọkọ̀ kékeré kò lè gbà dé òpin, kí ẹ lè bá wa sin ìyá wa. Àwọn mìíràn sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọkọ̀ wọn dúró sí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù, pẹ̀lú aṣọ ẹbí lára àti bàtà lọ́wọ́. A rí yín, a kò sì ní gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín bi wá léèrè ìdí tí a kò fi sin Màmá ní Ìbàdàn, nígbà tí ìjọ ńlá tó ní àlùfáà àti ẹgbẹ́ akọrin kò jìnnà sí ilé wa. Ìdáhùn tí a fún yín lọ́jọ́ náà kúrú, nítorí pé ọwọ́ wa dí: Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ pé ibẹ̀ ni kí a gbé òun lọ. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ kí ẹ̀yin tí ẹ náwó nára débẹ̀ mọ irú ilé tí ẹ wọ̀.

Kúdẹtì, àdúgbò tí àwọn oníṣẹ́ ìwàásù kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ní Ìbàdàn, ni ìtàn ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ti ìjọ Áńgílíkà, rán níṣẹ́ ìwàásù, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn, ó sì padà wá ní 1853 pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀ láti máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, ebi sì fojú tọkọtaya náà rí nǹkan pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Anna sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, tí Daniel Olúbì jẹ́ aṣáájú wọn, ni wọ́n di ìjọ mú lẹ́yìn wọn. A fẹ́ kí ẹ fiyè sí èyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní abúlé wa: kì í ṣe òyìnbó ló dá ìjọ náà sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ni.

Kòkó ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì parí pátápátá, tí àwọn jagunjagun túká kúrò ní bùdó ní 1893, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kọjú sí oko, àwọn onígbàgbọ́ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó káàkiri ẹ̀yìn ìlú. Réluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà àtikó ẹrù lọ sí Èkó sì là. Bàbá ńlá Màmá, tí wọ́n ti rì bọmi nílùú, wà lára àwọn tó ṣán igbó abúlé náà. Kì í lọ sóko ní ọjọ́ ìsinmi, ẹnu sì máa ń ya àwọn ará abúlé, torí pé ọ̀lẹ kọ́ ni. Iwájú ilé rẹ̀ ló ti máa ń ka Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884.

Gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa, kì í ṣe ìwàásù ló kọ́kọ́ fa àwọn aládùúgbò wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ń ra kòkó kọ sínú ìwé ìwọ̀n wọn, kí wọ́n má baà rẹ́ wọn jẹ. Ó kọ́ wọn ní ABD, Bíbélì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ìwé kíkà, títí àwọn kan fi béèrè pé kí a rì àwọn náà bọmi. A gbà pé ọ̀nà tó dára jù lọ ni ìgbàgbọ́ fi wọ ibẹ̀, torí pé ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò gbára lé ẹlòmíràn láti di í mú.

Ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò. Àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ náà. Owó kòkó ni wọ́n fi ra páànù nígbà tó yá, àgékù irin réluwé tí wọ́n so mọ́ igi sì ni agogo wọn. Katikíìsì, olùkọ́ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń darí ìsìn. Àlùfáà kì í wá láti ìlú ju ìgbà díẹ̀ lọ́dún, láti fún wọn ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Olúkúlùkù ń san owó kíláàsì, ìyẹn owó tí ọmọ ìjọ ń dá fún ìjọ, nígbà Ìkórè sì ni wọ́n máa ń kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ wá, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe gbàǹjo. Ìlú ni gbogbo wọn ní agboolé, nítorí náà bí Kérésìmesì tàbí Àjíǹde bá dé, Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ, abúlé á sì dá. Ọjọ́ ìsinmi lásán, tí kò sí àjọ̀dún kankan, ni ilé Ọlọ́run náà máa ń kún.

Ìdààmú ṣẹlẹ̀ sí wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n rí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní 1944, ìjọba gé igi kòkó tó pọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, ìdílé mìíràn sì kó lọ. Ìgbà Agbẹ́kọ̀yà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí ìjọba nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, ni Màmá kì í lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdákẹ́ díẹ̀. Ìhà Àkànrán jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ìjà owó orí náà ti gbóná jù, àwọn ọkùnrin abúlé sì wà nínú igbó. Àwọn obìnrin nìkan ló kù tó lè lu agogo. Wọ́n lù ú. Màmá, tó ti jáde ìwé mẹ́fà, ni wọ́n ní kó dúró nídìí àga ìwé kó sì ka Bíbélì, nígbà tí kò tíì wọ́pọ̀ kí obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò pa ìsìn kankan jẹ. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló gba ìjọ náà là, kò sì yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ iṣẹ́ wọn.

Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn náà ti wà lọ́wọ́ Màmá. Nígbà tí ara kò gbé e mọ́, tí a mú un wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn, ó ń fi owó kíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí oko, kì í sì gbà kí a bá òun san án. Ẹ rí i fúnra yín pé àwọn tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò pọ̀, pé àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wọn. Ilé tó yàn láti sùn tì nìyẹn.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlùfáà tó darí ìsìn, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin tó ti ìlú wá, àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìyá tó kọrin láti ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọpẹ́ pàtàkì ni ti àwọn ará abúlé tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí àwọn ọmọ wọn gbẹ́ sàréè, tí ìyàwó wọn dáná, tí Lémọ́ọ̀mù wọn sì jókòó pẹ̀lú wa dé òpin. Owó tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ, ẹbí ti fẹnu kò pé a ó yọ apá kan nínú rẹ̀ láti fi pààrọ̀ páànù ìjọ náà, torí pé ẹ rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ lórí pẹpẹ. Ìkórè tó ń bọ̀ la fẹ́ jíṣẹ́ rẹ̀ fún yín, níbẹ̀ gan-an, ẹni tí ààyè bá sì gbà, kó bá wa débẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi irú èyí gbà á fún yín. Ìnáwó ayọ̀ la ó fi san án. Ẹ kò ní rí ọ̀fọ̀ ọmọ, ẹ ó sì dàgbà bíi Màmá.

Àwa ọmọ Màmá, lórúkọ gbogbo ẹbí, Ìbàdàn.