Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tí Mo Pè Ní Ọ̀dàlẹ̀

Ìkòròdú.

Àbúrò mi,

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń kí ara wa bí àlejò nílé ìyá wa, èmi ni mo sì fà á. Ọjọ́ tí o sọ fún mi pé o fẹ́ fi rọ́gíbì ẹlẹ́ni 15, ìyẹn union, sílẹ̀ lọ sí ti ẹlẹ́ni 13 tí wọ́n ń pè ní league, mo pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mo ní owó lò ń lé. O kò bá mi jiyàn, o kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn wọ̀nyí á máa san owó ọkọ̀ mi."

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn bí eré yìí ṣe pín sí méjì, ojú sì tì mí gidigidi, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ gan-an ló dá ìjà wọn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe eré náà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, ẹni tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣeré ní Sátidé, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wọgbó. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dí àdánù náà fún àwọn, àwọn aláṣẹ kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ọdún 1895, bí ẹgbẹ́ 20 pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò lára wọn; ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn ló di league. Ṣílè 6 ni wọ́n fọwọ́ sí fún ọjọ́ iṣẹ́ kan tó bá bọ́ mọ́ eléré lọ́wọ́. Ọdún 1906 ni wọ́n tó dín eléré kù sí 13.

Ṣílè 6 yẹn ló mú mi rántí òwúrọ̀ Sátidé kan ní èbúté Ìkòròdú. O ń ka owó ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ, iná wẹ́dà ti jó ẹ̀yìn ọwọ́ náà. O kà á lẹ́ẹ̀mejì, o ki owó ọkọ̀ àbọ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, o wá ń wo èyí tó kù bóyá yóò ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ọ̀gá rẹ kò ní san owó ọjọ́ náà. Èmi tí mo ń gba owó oṣù ni mo dúró tì ọ́, tí mò ń wàásù ìfẹ́ eré fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ tí mo sọ kì í ṣe tuntun. Títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1995, tí union náà gbà kí eléré máa gbowó, ẹni tó bá ti lọ sí league, wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Jonathan Davies tó ti ṣe balógun Wales lọ sí Widnes, ẹgbẹ́ league kan, ní 1989. Ọdún 1995 ló tó padà sí union, sí ẹgbẹ́ Cardiff. Ṣáájú rẹ̀, ní 1987, ni Martin Offiah, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ti kúrò ní Rosslyn Park, ẹgbẹ́ union kan, lọ sí Widnes kan náà. Wigan, ẹgbẹ́ league mìíràn, san £440,000 lórí rẹ̀ ní 1992, ère rẹ̀ sì wà ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Nígbà tí Jason Robinson, tó ti league wá sí union, fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ gba àmì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àṣekágbá ife àgbáyé 2003, mo pàtẹ́wọ́ fún un níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò tèmi ni mo wá dá lẹ́bi.

Mo tún sọ pé league rọrùn. Irọ́ ni. Ìgbà 6 péré ni wọ́n lè gbé yín ṣubú kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ yín, àwọn tó ń dènà á sì máa padà sẹ́yìn ní mítà 10, wọ́n á tún sáré wá, lórí pápá tí ènìyàn 2 ti dín níhà kọ̀ọ̀kan. Abájọ tí o fi ń di ògiri mú gun àtẹ̀gùn ilé lálẹ́.

Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Bí o bá gbà, n ó pàdé rẹ ní èbúté ní Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Owó ọkọ̀ àwa méjèèjì, àlọ àti àbọ̀, wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.