Lẹ́tà sí Bàbá Ọjà'ba, lórí ọ̀rọ̀ VC

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti fúyẹ́? Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sórí WhatsApp ẹbí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní sáà VC, ìyẹn gíwá, tó wà ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ń parí lọ, pé ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́ ọ sí, pé ọmọ bíbí Ìbàdàn ló kàn, pé honourable yóò ra aṣọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù, kí a fi lọ dúró sẹ́nu géètì. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà dè é: Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Mo fẹ́ pè yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, àdúrà ni ẹ ó fi pa mí lẹ́nu mọ́. Mo kúkú kọ ọ́ sí gbangba, torí irú bàbá bíi tiyín pọ̀ nílùú yìí.

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ilẹ̀. Hẹ́kítà 1,032 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn yọ̀ǹda fún UI, ọdún 999 ni wọ́n sì fi yá wọn. Wọn ò tà á. Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ń ka ọdún láti fi gba ilẹ̀ padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ta ni onílé nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ Awka ni Kenneth Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ibẹ̀, láti 1960. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé wọn títí dòní. Ọmọ Okrika ni Tekena Tamuno, tó jẹ VC láti 1975 sí 1979. Ìyá àgbà ń ta ẹ̀kọ ní Sángo láyé ìgbà yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí kó bi akẹ́kọ̀ọ́ kan pé ìlú wo ni VC yín?

Ẹ rántí 2020. Sáà Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìdòwú Ọláyínká parí lóṣù kọkànlá, kò sí ẹni tí yóò gbà á. Ìwé ẹ̀sùn níhìn-ín, ìwọ́de lọ́hùn-ún, títí ìjọba àpapọ̀ fi ní kí wọ́n dá ètò náà dúró. Adelé ló jókòó síbẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́wàá kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Adébọ̀wálé tó dé lóṣù kẹwàá 2021. Ní oṣù kẹta 2022, àwọn kan gbé ẹbọ lọ sẹ́nu géètì OAU, yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kí ọmọ Ifẹ̀ jẹ VC. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn lọ́jọ́ náà nídìí ayò, mo wà níbẹ̀. Aṣọ honourable yìí wá sàn ju ẹbọ lọ níbo?

Bó ṣe ń lọ nìyí, Bàbá. Láti 2003 ni òfin ti fi yíyan VC lé Council, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, lọ́wọ́. Wọ́n á kéde pé ipò náà ṣí sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará Council àti Senate, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, jọ wà nínú rẹ̀ á fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń du ú lẹ́nu wò, wọ́n á mú orúkọ mẹ́ta jáde, Council á mú ọ̀kan. Ọdún márùn-ún, kò sí ìkejì. Ẹ ò ní rí wọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń yan alága Council ṣá o, ihò tí òṣèlú ń gbà wọlé nìyẹn, kì í ṣe géètì tó kọjú sí Àgbọwó. Honourable yín mọ̀. Ariwo ni wọ́n fẹ́ kí ẹ bá wọn pa níta.

Ó ní ohun tí n kò sọ fún yín rí. Lẹ́tà yín ló bá mi wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́. Mo ń tò wọ́n lọ́jọ́ kan ni mo bá máàkì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tiwa pàdé. Mo gba 48. Ọmọbìnrin kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní Yemẹtu gba 71. Wọ́n fi báírò pupa fa igi lé orúkọ tirẹ̀, wọ́n kọ "ọmọ alága" sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Alága wo? Mo dá fáìlì náà padà sáyè rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gba owó oṣù náà.

Ọmọ Yemẹtu, Bàbá. Kì í ṣe àjèjì. VC tí honourable bá fi jẹ, irú báírò pupa bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi san gbèsè, orúkọ tí yóò sì máa fa igi lé ni ti ọmọ Kúdẹtì tí bàbá rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ Ìbàdàn tó gbangba sùn lọ́yẹ́ bá du ipò náà, tó sì gbà á, èmi ni n ó kọ́kọ́ jó dé Mápó. Kó ṣáà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

N kò fẹ́ aṣọ. Ìwé ìwáṣẹ́ Sàkírù tí ẹ ní kí n fún "àwọn tó wà nínú" ṣì wà nínú báàgì mi. N kò fún ẹnikẹ́ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: ọdún tó kọ sínú lẹ́tà kò bá ti sátífíkéètì mu, kò sì buwọ́ lù ú. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àyílà. Kó dúró dè mí, kó wá báírò sílẹ̀. A ó jọ tún un kọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
Rìsìkátù