Lẹ́tà sí Àkànní: Ohun tí Rédà Bàálù Ń Rí

Alákìá, Ìbàdàn.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí ọ. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o ò wálé mọ́ nínú oṣù Karùn-ún, pé o ò lè wọ bàálù nínú òjò. Inú wọn ò dùn rárá. Mi ò bá ọ wí, ẹni tó bá rántí èyí tó já ní Port Harcourt lọ́dún 2005 àti ti Àbújá lọ́dún 2006 kò ní fi ojú ọjọ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó mi tó ń tún bàálù ṣe wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú, mo sì da ìbéèrè bò ó.

Ó ní bàálù ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní rédà, tó ń fi òjò tó wà níwájú han páílọ́ọ̀tì. Inú imú bàálù ló wà. Imú yẹn kì í ṣe irin, torí irin ò ní jẹ́ kí ìtànṣán rẹ̀ jáde. Àwo pẹlẹbẹ kan ń yí sọ́tùn-ún sósì níbẹ̀, ó ń rán ìtànṣán síwájú. Tí ìtànṣán bá kan ẹ̀kán òjò, á ta padà. Ìgbà tó fi lọ tó fi bọ̀ ló ń sọ bí òjò ṣe jìnnà tó. Omi ló ń rí o, kì í ṣe ìkùukùu. Lójú ẹ̀rọ tó wà níwájú páílọ́ọ̀tì, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ á ní àwọ̀ ewé, èyí tó le díẹ̀ á jẹ́ yẹ́lò, èyí tó le gan-an á pọ́n.

Ibi tó dẹ́rù bà mí nìyí, ó tiẹ̀ fi bírò yà á sẹ́yìn bíìlì iná wa. Òjò ńlá lè gba gbogbo agbára ìtànṣán náà mọ́ra, débi pé ẹ̀yìn ibi tó pọ́n á kàn dúdú, bíi pé ojú ọ̀run mọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní ọ̀nà ti là. Ìjì tó burú ju èyí tó ń wò lọ lè wà níbẹ̀.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú rédà. Tó bá ga jù, yìnyín gbígbẹ tó wà lórí ìjì nìkan ló máa bá, yìnyín gbígbẹ kì í sì í ta á padà dáadáa, ìjì ńlá á wá dà bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá wálẹ̀ jù, páànù Bẹẹrẹ àti Mápó á máa pọ́n lójú wọn!

Bí wọ́n bá ti rí ìjì tó le, wọ́n á ti yà láti òkèèrè. Ó ní ó kéré tán, kí kìlómítà 37 wà láàárín wọn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ìbàdàn sí Ìwó. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ìjì tiwa, tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, tó lè gùn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Kò síbi téèyàn fẹ́ yà sí níbẹ̀, àfi kí wọ́n dúró nílẹ̀. Àwọn tó ń bú òṣìṣẹ́ pápákọ̀ nítorí èyí, kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Rédà ò rí afẹ́fẹ́ tó ń rú tí kò lómi nínú, nítorí náà má tú bẹ́líìtì rẹ. Tí o bá dé Èkó, bàálù àárọ̀ ni kí o bá wá sí Alákìá, torí ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń gbára jọ.

Fi ọjọ́ tí o ń bọ̀ ránṣẹ́ kíá, kí n lè lọ sọ fún ìyá rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó